Ẹ Má Ṣe Jẹ́ kí Ọrun Dọ̀pá Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ẹjọ́ ni mo wá rò lónìí. Ọrun ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn, kò sì ní ẹnu tí yóò fi wí àwíjàre. Ìdí nìyí tí mo fi dìde láti gba ẹjọ́ rẹ̀ rò.

Ní sáà tí ó kọjá, olùkọ́ wa ní kí a túmọ̀ òwe kan tí ó yẹ kí ó rọrùn fún gbogbo wa: Ọsán já, ọrun dọ̀pá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọ̀sán bá ti lọ, ọ̀run a ṣókùnkùn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, olùkọ́ bi wá pé, ‘Ta ni nínú yín tí ó ti fi ọwọ́ kan ọrun rí?’ Èmi nìkan ni mo na ọwọ́ sókè. Nígbà náà ni mo rí i pé àwọn tí ó rẹ́rìn-ín kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ju ẹni tí a fi rẹ́rìn-ín lọ. Wọ́n mọ̀ pé ọrun kì í ṣe ọ̀run, kì í sì í ṣe ọrùn; wọ́n mọ̀ pé ọsán kì í ṣe ọ̀sán, kì í sì í ṣe ọsàn tí à ń jẹ. Àmì ohùn ni wọ́n mọ̀. Bí a bá gbé ọrun kalẹ̀ níwájú wọn, wọn kò mọ ibi tí à ń dì mú.

Mo wá sọ fún kíláàsì pé èmi fúnra mi ti ṣe ọrun mẹ́ta ní Rantya, ní ìlú Jos, àti pé ní àkókò ìsinmi gígùn, mo kọ́ àwọn ọmọdé mẹ́fà ní bí a ti ń ṣe é. Kí n tó jókòó ni ọ̀rẹ́ mi kan ti dìde, tí ó ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí mi lẹ́sẹ̀. Èkíní, ó ní ohun ìgbà òkùnkùn ni ọrun, kò sì yẹ kí olùkọ́ ọ̀la máa fi í ṣòfò àkókò. Èkejì, ó ní ọrun tí mo ń ṣe kì í tilẹ̀ ṣe ọrun Yorùbá, nítorí pé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn òyìnbó ti ń fi igi àjèjì ṣe é. Ẹ̀kẹta, ó ní ẹni tí ó bá kọ́ ọmọdé ní ọrun ṣíṣe ní ìlú Jos, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn tó bẹ́ẹ̀, ìpànìyàn ni ó ń kọ́ ọ. Kíláàsì pa àtẹ́wọ́ fún un. Agogo lù, n kò sì rí àyè fèsì. Èsì náà nìyí.

Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Rantya ni a bí mi sí, lórí ilẹ̀ àwọn Berom, ní apá gúúsù Jos. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni baba mi, iṣẹ́ káfíńtà ni ó sì ń ṣe. Ọjà Kàtákò ni ó ti ń ra igi. Ìtumọ̀ kàtákò ní èdè Hausa kò sì ju pákó lọ. Bàbá àgbà Berom kan ń bẹ ní àdúgbò wa, ọdẹ ni nígbà èwe rẹ̀. Ó fi ọrun rẹ̀ kọ́ sókè nínú ilé ìdáná, kí èéfín lè máa gbá a, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Òun ni ó kọ́kọ́ fi ọrun lé mi lọ́wọ́, tí ó sì fi hàn mí pé bí apá ọrun kan bá tẹ̀ ju èkejì lọ, ọrun náà kò ní pẹ́ ṣẹ́. Mo fi igi kan ṣoṣo gbẹ́ ti èmi, ó ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wá ń kà nípa ọrun onípele, èyí tí a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lẹ̀ pọ̀ ṣe, mo sì ń wo bí àwọn ará òkè òkun ti ń ṣe é lórí fóònù. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ó mú mi máa ṣàròyé títí di òní yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ẹ̀sùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ẹ̀sùn kìn-ín-ní, pé ohun ìgbà òkùnkùn ni ọrun, mo fẹ́ bi ọ̀rẹ́ mi léèrè ìlú tí ó ti wá. Ọmọ Ọ̀fà ni. Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan ni ó tẹ ìlú rẹ̀ dó. Kí ni ó fún baba ńlá náà ní orúkọ tí gbogbo ọba Ọlọ́fà ń jẹ títí di òní bí kò ṣe ọfà? Ìlú baba tèmi ń kọ́? Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, ọdẹ ni ìtàn sọ pé ó jẹ́. Òun ni ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tí orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ fi wáyé. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ń kọ́, tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé orúkọ rẹ̀ dé Bùràsíìlì àti Kúbà, tí wọ́n sì ń fi ọrun àti ọfà ṣe àmì rẹ̀ níbẹ̀? Nígbà tí Aláàfin Aólẹ̀ sì fẹ́ fi ilẹ̀ Yorùbá ré ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, kì í ṣe idà ni ó nà sókè. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ọfà ni ó ta, ọ̀kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù, ọ̀kan sí ìwọ̀-oòrùn, kí ó tó gégùn-ún pé ibi tí ọfà wọ̀nyí lọ ni a ó kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ. Bí a bá yọ ọrun àti ọfà kúrò nínú ìtàn wa, a kò ní rí ojú ìtàn náà mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ti àtijọ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀rẹ́ mi lè wí pé gbogbo rẹ̀ ni òkùnkùn náà. Ṣé òkùnkùn ni Kòríà Gúúsù wà? Láti 1988 títí di 2024, kò sí ìdíje Òlíḿpíìkì kan tí àwọn obìnrin wọn kò ti gba wúrà ti ẹgbẹ́ nínú ọfà títa. Ṣé òkùnkùn ni Japan wà, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń kọ́ ọfà títa pẹ̀lú ọrun gígùn tí a fi ọparun àti igi lẹ̀ pọ̀ ṣe? Ní Bhutan, láti 1971 ni wọ́n ti sọ ọfà títa di eré ìdárayá orílẹ̀-èdè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ àwọn baba wa pé ohun àwọn kèfèrí ni ọrun, kí ni wọ́n ṣe sí tiwọn? Ọkọ̀ ogun wọn kan tí à ń pè ní Mary Rose rì ní 1545. Ní 1982 ni wọ́n gbé e jáde láti inú òkun. Ọrun tí a rí níbẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ, ọfà sì ju 3,000 lọ, wọ́n sì kọ́ ilé fún un kí gbogbo ayé lè máa wá wò ó. Àwọn fi tiwọn sí ilé ìṣúra, wọ́n ní kí àwa fi tiwa dáná. Àwa náà sì gbà!

Mo dé orí ẹ̀sùn kejì, èyí tí ó dùn mí jù lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní ọrun àjèjì ni mo ń ṣe, nítorí pé igi àjèjì ni a fi ń ṣe ọrun onípele. Ẹ jẹ́ kí a yẹ igi náà wò. Àwọn aṣọrun Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù a máa fi ọ̀rọ̀ yìí polówó ọjà wọn. Wọ́n á ní igi àjèjì, igi òkèèrè, igi tí ó ṣọ̀wọ́n ni àwọn fi ṣe ọrun náà, owó rẹ̀ á sì lé sókè. Bí a bá béèrè orúkọ igi wọ̀nyí, wọ́n á ní bubinga, wọ́n á ní zebrawood, wọ́n á ní wenge, wọ́n á ní padauk. Níbo ni wọ́n ti ń hù? Bubinga àti zebrawood ń hù ní Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù, ní ìtòsí wa níhìn-ín. Ilẹ̀ Kóńgò ni wenge ti ń wá. Padauk ní tirẹ̀ ń hù láti ilẹ̀ Nàìjíríà lọ títí dé Kóńgò, ìbátan igi osùn sì ni, osùn tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ tí wọ́n fi ń kun ara ìyàwó àti ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá tún fi ìrókò kún un, orúkọ tí gbogbo oníṣòwò igi àgbáyé ń pè é náà ni ìrókò, bí ìyá mi àgbà ti ń pè é. Igi tí ó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá ní èbúté Yúróòpù ni a wá ń pè ní àjèjì nínú kíláàsì Yorùbá!

Òótọ́ ni pé igi náà jẹ́ àjèjì sí òyìnbó. Ó ní ẹ̀tọ́ láti pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣe àwa tí a fi ojú olójú wo ẹ̀yìnkùlé ara wa? Bí ó bá jẹ́ igi àjèjì tòótọ́ ni ọ̀rẹ́ mi ń wá, kí ó wá sí Jos, n ó fi hàn án. Yúkálíptọ́ọ̀sì ni, tí àwọn Hausa ń pè ní turare. Ọsirélíà ni ó ti wá. Wọ́n gbìn ín sórí ilẹ̀ tí àwọn awakùsà ti hú jákujàku, ó sì ti gbilẹ̀ débi pé ọmọdé Rantya rò pé Ọlọ́run dá a mọ́ òkè Jos ni. Igi tí ó ti Ọsirélíà wá di ọmọ onílẹ̀, igi osùn di àlejò. Irú òye wo nìyí?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò tijú igi òkèèrè. Igi yew tí wọ́n fi ń ṣe ọrun gígùn wọn kò tó wọn ní ilé. Ní 1472, wọ́n ṣe òfin pé ọkọ̀ tí ó bá ń kó ẹrù wọ ìlú wọn gbọ́dọ̀ kó ọ̀pá ọrun mẹ́rin wá lórí tọ́ọ̀nù ẹrù kọ̀ọ̀kan. Igi ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe ọrun, a sì ń pè é ní ọrun Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Èmi fi igi ilẹ̀ mi ṣe ọrun, a ní àjèjì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹnu lásán. Igi kan ń bẹ ní pápá ilẹ̀ wa tí a ń pè ní kosso nínú òwò àgbáyé, tí àwọn Hausa ń pè ní madobiya; ìbátan osùn ni òun náà. Láti nǹkan bí 2014, àwọn onígẹdú wọ inú igbó Tàràbà àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n gé e lulẹ̀ bí ẹni tí ń gé koríko, wọ́n sì ń dì í sínú kọ̀ǹténà lọ sí Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe àga àti ibùsùn olówó iyebíye. Nígbà tí ó di 2017, àdéhùn àgbáyé CITES, èyí tí ó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tí ó fẹ́ parun, fi kosso sí abẹ́ ìṣọ́. Nígbà tí ó di 2018, ó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dáwọ́ dúró láti máa rà á lọ́wọ́ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kọ́sítọ́ọ̀mù tiwa fúnra wa kò gbà kí a kó gẹdú tàbí pákó jáde ní ilẹ̀ yìí. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. A ta igi wa lọ́pọ̀. Ẹni tí ó fi í ṣe ohun ọnà ni ó jèrè. Ó kù kí a lọ rà á padà, kí a sì máa pè é ní àjèjì.

Bóyá ẹnìkan yóò bi mí pé, ‘Bí igi bá ń tán, ṣé kì í ṣe ìwọ náà ni ó fẹ́ tún gé e?’ Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó mú mi fẹ́ràn ọrun onípele ju ti igi kan ṣoṣo lọ. Ọrun igi kan ṣoṣo ń fẹ́ odindi igi tí kò ní kókó, tí ó sì tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọrun onípele kò bèèrè bẹ́ẹ̀. Pákó tí ó nípọn bí owó kọ́bọ̀ méjì ni à ń lẹ̀ lé ara wọn, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àjákù tí baba mi ń jù sínú àpò lẹ́yìn tí ó bá ṣe ilẹ̀kùn tán ni mo fi ṣe tèmi. N kò gé igi kan lulẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò ṣòro láti yé ọmọdé. Nígbà tí a bá fa ọrun, ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ó kọjú sí ọ̀tá, a máa nà. Inú rẹ̀, èyí tí ó kọjú sí wa, a máa sún kì. Àárín rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìyà. Nítorí náà, a ó fi ohun tí ó lè nà láì já sí ẹ̀yìn, bí àpẹẹrẹ ọparun. A ó fi igi líle tí ó lè gba ìfúnpọ̀ sí inú. A ó sì fi igi fífúyẹ́ sí àárín. Ìdì ọrun, níbi tí ọwọ́ ń dì mú, ni a ń fi igi tí ó wúwo, tí ó sì lẹ́wà sí. Àwọn aṣọrun òkè òkun a máa fi gíláàsì oníhun bo ẹ̀yìn àti inú rẹ̀. Ọparun tó èmi. A ó fá pákó kọ̀ọ̀kan kí ó máa tín-ín-rín lọ sí ìpẹ̀kun. A ó pa gọ́ọ̀mù sí i, a ó tò wọ́n sórí igi tí a ti gbẹ́ bí ẹsẹ̀ ọrun ti máa rí, a ó sì fi róbà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í pinpin títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó so ó mọ́ ara ògiri, a ó máa fà á díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa fá ibi tí kò tẹ̀ títí apá méjèèjì yóò fi tẹ̀ dọ́gba. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

N kò ní purọ́ fún yín. Ọrun mi kejì bàjẹ́. Oṣù August ni mo lẹ̀ ẹ́, nígbà tí òjò ń rọ̀ ní Jos ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Pákó náà kò gbẹ, gọ́ọ̀mù funfun tí mo lò kò sì lè gba ìfàgùn náà. Bí mo ti gbé e sí oòrùn, àwọn pákó náà ń yọ̀ kúrò lára ara wọn. Ìgbà ọyẹ́ ni mo ṣe ẹ̀kẹta, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù oríṣi méjì tí a ń pò pọ̀ kí ó tó le. Èyí kò ṣẹ́ títí di òní. Ẹ̀kọ́ nípa omi inú igi, nípa ooru, nípa ìwọ̀n àti ìdọ́gba, gbogbo rẹ̀ ni mo kọ́ lórí ọ̀pá kan. Ta ni ó ní àkókò ṣòfò?

Ní ti gọ́ọ̀mù, tí ọ̀rẹ́ mi fi ń sọ pé ọrun náà kì í ṣe ti Yorùbá mọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó rántí ohun tí ó jẹ ní àárọ̀ yìí. Àgbàdo tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ, Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí, ibẹ̀ náà ni. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ wí pé ẹ̀kọ kì í ṣe oúnjẹ Yorùbá. Ohun tí ó sọ nǹkan di ti ẹni ni pé ọwọ́ ẹni mọ̀ ọ́n ṣe, ẹnu ẹni sì ní orúkọ fún un. Èyí tí a ní ni a fẹ́ sọ nù yìí.

Ó wá kù sí orí ẹ̀sùn kẹta. Èyí ni n kò lè fi ẹ̀rín dáhùn. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ní 2010. Mo mọ alẹ́ tí ìyá mi dì wá sábẹ́ ibùsùn, tí baba mi sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn tí ó ṣáájú mi láyé ń sọ ti September 2001 àti ti November 2008. Ìbọn wà níbẹ̀, àdá wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀; ọrun àti ọfà náà wà níbẹ̀, n kò ní sẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo lọ bẹ̀ fún yàrá kan ní àsìkò ìsinmi fi lé mi jáde. Kò bú mi. Ó kàn wo àwọn ọmọdé tí ń ṣeré ní pápá, ó ní, ‘Ọmọ mi, mo ti sin akẹ́kọ̀ọ́ rí.’ Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìbànújẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, n kò gbà pé òun ni ó jàre.

Àwọn tí ó jà ní ọjọ́ wọ̀nyí, kò sí olùkọ́ kan tí ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ni wọn kò ní. Àdá ń bẹ ní gbogbo ilé, a kò sì sọ pé kí a má kọ́ ọmọ ní oko ríro. Ohun tí ó ń pa ènìyàn ni inú tí ó ti bàjẹ́ kí ọwọ́ tó mú ohunkóhun. Àwọn baba wa mọ èyí. Wọ́n ní ẹni tí ó ta ọfà sókè tí ó yí odó borí, bí ọba ayé kò rí i, ti ọ̀run ń wò ó. Ẹ wò ó, inú ẹ̀kọ́ ọfà ni wọ́n ti mú ẹ̀kọ́ ìwà jáde! Ọmọ tí kò mọ ọfà kò lè mọ ìkìlọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ mẹ́fà tèmi, abẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù baba mi ni a lò. Méjì jẹ́ Berom, méjì Hausa, ọ̀kan Igbo, ọ̀kan Yorùbá. Òfin mẹ́rin ni mo kọ sára ògiri. A kì í fi irin sórí ọfà, róbà ni. A kì í kọjú ọrun sí ohun tí ó ní ẹ̀mí. A kì í fa ọrun tí kò ní ọfà kí a sì jọ̀ ọ́ lọ́wọ́, nítorí yóò ṣẹ́. Ọrun kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, inú àpótí tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì ni ó ń sùn. Bí a bá sì ń ha igi, aṣọ a máa wà ní imú wa, nítorí eruku ìrókò àti ti padauk a máa fa ikọ́ àti ara yíyún. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi fá pákó kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ta ọfà kan. Ó ní ọjọ́ kan tí ọmọ Hausa kan ń di ìpẹ̀kun pákó mú, tí ọmọ Berom kan ń wé róbà mọ́ ọn. Bí ọ̀kan bá jọ̀ ọ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ méjèèjì bàjẹ́. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ìlú tí àwọn baba wọn kì í ti í gba àdúgbò ara wọn kọjá ní àwọn ọdún kan, mo pe èyí ní ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàrọ̀ orúkọ, ọ̀kan ní baka, ọ̀kan ní ụta, ọ̀kan ní ọrun. Ọmọ Yorùbá tí ó wà láàárín wọn kò mọ̀ pé èdè òun ní orúkọ fún un títí mo fi sọ fún un. Ojú tì mí nítorí wa.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Èkíní, kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí para pọ̀, kí wọ́n fún wa ní igun kan nínú ilé iṣẹ́ ọwọ́, kí gbogbo ẹni tí yóò bá kọ́ òwe nípa ọrun lè fi ọwọ́ fa ọsán rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n ṣèlérí pé ọwọ́ ọmọ yóò mọ iṣẹ́ bí orí rẹ̀ ti mọ ìwé. Ìlérí náà kò kú, àwa olùkọ́ ni a sùn. Èkejì, kí a kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí jọ lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ kí wọ́n tó kọjá lọ: ọrun, ọsán, ọfà, apó, àti gbogbo orúkọ igi tí wọ́n mọ̀. Ẹ̀kẹta, kí a gbin osùn àti ìrókò sí àyíká kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò wọlé ní ọgbọ̀n ọdún sí i má baà gbọ́ ọ nínú ìwé òyìnbó pé igi àjèjì ni wọ́n.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Igi ilé ni a ti kọ́kọ́ tà. Iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Bí a bá tún jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ bọ́ lẹ́nu wa, kí ni ó kù tí ẹ̀ka yìí yóò máa kọ́ni?

Mo ti ro ẹjọ́ mi tán. Ọrun mi kẹta ń bẹ ní yàrá mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ti tú ọsán rẹ̀ kúrò gẹ́gẹ́ bí bàbá àgbà Berom nì ti kọ́ mi, kí igi náà lè sinmi. Kí ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ọ̀fà wá ní ọjọ́ tí ó bá wù ú. N ó fi ọsán sí i lójú rẹ̀, n ó sì fi í lé e lọ́wọ́. Bí ó bá fà á tán tí ó sì tún ní kí n sun ún níná, èmi náà ni n ó ṣá igi iná wá.